Ẹni Tó Bá Ta Ọjà Erùpẹ̀ Ni Yóò Gba Owó Òkúta

Ẹbí wa kó ọmọ jáde ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo láìpẹ́ yìí, àdìrẹ aláró ni wọ́n sì dá fún aṣọ ẹbí. Aṣọ náà rẹwà lójú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, aró ti wọ gbogbo wa lọ́rùn. Ó wà lára àga tí wọ́n háyà, ó wà létí abọ́ ìrẹsì, ó kan gèlè àwọn tí kò bá wa dá aṣọ pàápàá. Ìyá àgbà gbé ọmọ sáyà láti wúre fún un. Nígbà tó máa fi gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti di búlúù. Inú bí mi títí mo fi délé, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá ọmọ gbé aṣọ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn. Òwúrọ̀ ló lọ. Kò tíì tú àpò aṣọ tán tí ìyá ọlọ́jà fi figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ta àkọ́tà o! Ẹ má bà mí lọ́wọ́ àárọ̀ jẹ́!" Wọ́n ní kó lọ kó padà wá lọ́sàn-án. Ó padà wá lọ́sàn-án, èsì tó bá nìyí: "Bí aró ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àǹtí. Ẹ da iyọ̀ sómi, kí ẹ rẹ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ ṣáà máa mánéèjì ẹ̀."

Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ ni yóò gba owó òkúta. Ẹ̀yin náà mọ òwe yìí: ẹnì kan di iyẹ̀pẹ̀ sápò, ó pè é lọ́jà, ẹni tó rà á náà ka òkúta wẹ́wẹ́ fún un. Owó òkúta yìí kì í sáábà jáde lọ́jọ́ tí a ta ọjà. Náírà gidi ni wọ́n máa ń san lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí oníbàárà kò padà wá mọ́ ni òkúta ń jáde. Kò ní bá ọ jà, kò ní bú ọ, yóò kàn gba òdìkejì títì kọjá.

Òkúta ti ń jáde fún ìyá ọlọ́jà yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyá ọmọ pé ọjà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti di ọjà òun, àti pé òun mọ ẹni tó dì í. Ó nawọ́ sí ọ̀kánkán, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń ta àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ China. Owó tọ̀hún kò tó ti aláró, aró rẹ̀ kì í sì í yọ. Lábẹ́ tábìlì ìyá ọlọ́jà, omi àdúrà wà nínú ike, ọṣẹ ìtajà wà nínú igbá. Láràárọ̀ ló ń bu omi náà wọ́n ọjà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àdúrà dára. Kò sí ibi ìjọsìn kan ní Òṣogbo, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ojúbọ Ọ̀ṣun, tí mo lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ohun tó dùn mí ni pé omi àdúrà ń kan aṣọ náà láràárọ̀, omi lásán tó yẹ kí wọ́n fi ṣan aró kúrò lára rẹ̀ kò kàn án tó.

Ìgbàgbọ́ wa ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Bí ọjà bá ṣubú láàárín wa, "ta ni?" la kọ́kọ́ máa ń béèrè. Télọ̀ tí àwọn oníbàárà ń sá fún, ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mẹkáníìkì tí mọ́tò kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ ní Ọlá-Ìyá, wọ́n ti ri nǹkan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Oníbúrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ kú, ọ̀rẹ́ tó wá kí i ló fi ojú burúkú wò ó. Ẹni tí kò bá rí ọ̀tá kankan tọ́ka sí, á ní kádàrá ni. Àárín ọ̀tá àti kádàrá yìí, kò sáyè kankan tó kù fún ọjà náà fúnra rẹ̀ láti jẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àárọ̀ yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró níwájú ọjà ni wọ́n fi ń wo bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Àmọ́ ta ni ó gbé oore tó ju ti oníbàárà tó padà wá ráhùn lọ wá láàárọ̀? Ẹni tó bínú padà wá ṣì fẹ́ kó o tún un ṣe. Ó san owó ọkọ̀ láti wá fi ibi tí iṣẹ́ rẹ ti jò hàn ọ́, ìwọ ń lé e bí ẹni ń lé àrùn, o sì ń fi ẹ̀rín pàdé ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́jà òun oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí gbé ka àyà. Mo wá aláró tó rẹ aṣọ ìkómọ wa kàn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Obìnrin dáadáa ni, ọmọ ìlú ni, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló jogún. Mo bi í pé kí ló dé tí aró fi yọ. Ó kọ́kọ́ ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní kó jẹ́ ká fi ayé sílẹ̀ ná. Ó wá ní aró kò ráyè wọnú òwú, orí aṣọ ló jókòó sí. Kí ló dé tí kò wọnú òwú? Ó ní kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tó láàárín rírẹ kan sí èkejì. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ̀ pé bí aṣọ bá ń jáde bọ̀, ó máa ń ṣe bí àwọ̀ ewé lójú, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró gidi. Kò sẹ́ni tó lè kánjú mú afẹ́fẹ́. Kí ló dé tí kò fún un lákòókò? Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bímọ ni iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ kẹjọ kì í sì í yẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ti wà nínú ìkòkò. Kí ló dé tó fi gbà á nígbà náà? Ìyá ọlọ́jà ló gbé e wá, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni. Kí ló dé tí kò fi ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ kò tó? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé kí n wá dójú ti àgbà ni, mọ́mì?"

A béèrè títí dé ìdí, a kò bá àjẹ́ kankan pàdé lọ́nà. Ojú títì la bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ fágbà tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n ìbéèrè ẹ̀ẹ̀marùn-ún yìí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Toyota ní Jápáànì ló sọ ọ́ di àṣà, wọ́n sì máa ń kà á sí ọgbọ́n tí Sakichi Toyoda fi sílẹ̀. Ọmọ káfíńtà ni Toyoda, abúlé tí ìyá rẹ̀ ti ń hun aṣọ ló dàgbà sí. Òfì ni ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Ní 1924, ó parí òfì ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já, ẹ̀rọ náà á dá dúró fúnra rẹ̀, kò ní máa hun àbùkù lọ. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ahunṣọ wa ní Ìsẹ́yìn. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti Ìlú Ọba, àwọn tó ń ṣe òfì ẹ̀rọ fún gbogbo ayé nígbà náà, sanwó fún ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́tò tó gbòde lọ́jà wa títí dòní.

Wọn kò bí ìwà yẹn mọ́ àwọn ará Jápáànì. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọjà Jápáànì ni ọjà pọ́ọ́kú tí kì í tọ́jọ́. Ní 1950, lẹ́yìn tí ogun ti run ìlú wọn, wọ́n pe W. Edwards Deming láti Amẹ́ríkà kó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí àléébù má baà wọlé, kì í ṣe kí wọ́n dúró dìgbà tí ọjà bá parí. Ní 1951, wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó bá tayọ. Ìlú tó mọ ìbọ̀wọ̀ fágbà ni Jápáànì, wọ́n ń tẹrí ba fún ọ̀gá gan-an. Síbẹ̀ wọ́n ta okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ní Toyota, òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tó bá rí àléébù lè fà á, kí gbogbo iṣẹ́ sì dúró. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó rí ọ̀gá fín. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n sì wá àyè fún òtítọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Mo bá ìjà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Alẹ́kúwodò. Ìyá kan ló gbé léèsì olówó ńlá wá, télọ̀ tẹ́ aṣọ lódì, ó gé e. Gbogbo òdòdó tó wà lára bùbá dorí kodò. Télọ̀ ń búra pé ojú òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹnì kan ló da nǹkan bo òun lójú. Nígbà tí mo ń lọ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan sìn mí dé títì láti bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó rọra ní, "Mọ́mì, mo rí i nígbà tó ń tẹ́ ẹ." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ó ku oṣù díẹ̀ kí òun ṣe fúrídọ̀mù, bí òun bá tún ọ̀gá ṣe lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù, ọ̀gá lè má wúre fún òun lọ́jọ́ náà, ó tiẹ̀ lè fi òun gégùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò sì ní mú òun jẹun láé.

Ẹ tún un kà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ rí àbùkù kó tó ṣẹlẹ̀, ó gbé e mì nítorí ìbẹ̀rù èpè. Léèsì bàjẹ́, oníbàárà lọ, orúkọ ọ̀gá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A máa ń pa òwe náà níbi ìyàwó, a kì í pa á nídìí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ. Ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù láti sọ pé "ẹ dúró ná, sà" ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú ara rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ìlú tó para pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n ń bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ní 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Mo rántí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lọ́jà Ìgbọ̀nà: òyìnbó ò fẹ́ ká rọ́wọ́ mú, ṣebí àwa ń jẹ ẹ́, kò sì pa wá. Ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó da ọ̀tápíápíá sápò ẹ̀wà kí kòkòrò má baà lù ú, ẹ̀wà tó mọ́ lójú ló ń wá. Ojú oníbàárà ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò ro inú rẹ̀. Oògùn yìí kan náà wà nínú ẹ̀wà táwa ń sè fún ọmọ wa, mo sì rò pé èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ bí wa nínú.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé àṣà Yorùbá ló fa gbogbo èyí, n kò ní gbà. Ìtàn ìlú yìí gan-an lòdì sí i. Nígbà tí Lároóyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, dé etí odò Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ìkòkò aró ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí a gbọ́ nínú ìtàn Òròkí, ìyẹn Òṣogbo wa yìí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò sọ fún Ọ̀ṣun pé kó mánéèjì ẹ̀. Wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ṣí kúrò létí odò lọ sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú tí a ń rántí lọ́dọọdún títí dòní. Ìlú tó ti orí irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ dìde, tí gbogbo Yorùbá ń kì ní ìlú aró, ni wọ́n ti wá ń sọ fún oníbàárà pé bí aró ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Àwọn aláró ayé àtijọ́ bọ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì gún elú, ewé tí a fi ń ṣe aró. Wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a, wọ́n sẹ́ omi eérú, wọ́n dúró fún ọjọ́ tí ìkòkò á pé kí wọ́n tó ri aṣọ bọ̀ ọ́. Ìgbàgbọ́ wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ bá sì ń yẹ̀, ohun tó wà nínú ìkòkò ni wọ́n ń wádìí. Nígbà tí sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó wọ Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ di kíákíá, àwọn oníṣòwò tó ń ti Gold Coast (Ghana òde òní) àti Senegal wá ra àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó náà, àwọn obìnrin aláró kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le títí ó fi di ìwádìí ìjọba ní 1936. Èmi ò dá sódà lẹ́bi, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ ń fi ṣe iṣẹ́ tó dáa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ọba àti aláró jọ jà lórí ohun tó wà nínú ìkòkò.

Lónìí, àwọn àlejò ń ti Bràsíl, Kúbà àti Amẹ́ríkà wá sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Láti 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ni òkìkí rẹ̀ tún ti kàn sí i. Aṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ wá. Wọ́n ra àdìrẹ, wọ́n dì í pọ̀ mọ́ aṣọ funfun wọn nínú báàgì kan náà, òógùn àti ọ̀rinrin mú un lọ́nà. Ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n tú báàgì nílé ni wọ́n á máa ròyìn fún ẹni tó bá tún fẹ́ wá. Ìwọ wà ní Ọjà Ọba, ò ń gbààwẹ̀ nítorí pé àlejò ò rajà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà náà, n kò ní dá yín sí. Ẹ gba aṣọ tó bàjẹ́, ẹ ní "kò burú, Ọlọ́run á pèsè òmíràn." Ẹ gba ilẹ̀kùn tí kò pàdé, ẹ ní ọmọ àdúgbò ni káfíńtà, ẹ kò fẹ́ já a jẹ. Àánú kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ àdúgbò á dá ilẹ̀kùn padà fún un, á sì dúró tì í títí tó fi máa pàdé. Ẹ ń fi ojú àánú pa oníṣẹ́ ọwọ́ wa, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wọ Ìbàdàn lọ ra èyí tó dáa láìjẹ́ kó mọ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti alága ẹgbẹ́ ni mo wá kó ọ̀rọ̀ bá gan-an, torí ẹ̀yin lẹ lágbára. Ìwé òfin ẹgbẹ́ yín kún fún owó ìtanràn. Ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rán aṣọ ní iye tó dín sí èyí tí ẹ fẹnu kò sí, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ta ni ẹ ti bá wí rí nítorí iṣẹ́ tó bàjẹ́? Ta ni ẹ ti ní kó dá owó oníbàárà padà? Ẹ ń dáàbò bo iye owó, ẹ fi ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí ẹ bá yan ẹni mẹ́ta nínú yín tí yóò máa fi àkísà funfun tutù nu àdìrẹ kó tó wọ ọjà, tí èyí tó bá sì pa àkísà láró á padà sídìí ìkòkò, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín. Bí ẹ bá pàṣẹ pé ọ̀gá tó bá gégùn-ún fún ọmọ iṣẹ́ tó sọ òtítọ́ yóò san ìtanràn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ kò ṣe é, ẹ̀yin náà lẹ tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ń pariwo pé China ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì má gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi fẹnu kò lórí rẹ̀.